Kí Ẹ Tó Sanwó fún Proxy: Bí A Ṣe Ń Ka Àdéhùn Rẹ̀

Òjò ń rọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà nígbà tí ọmọkùnrin kan sáré wọ ṣọ́ọ̀bù mi ní Lágéré, Ilé-Ifẹ̀. Ó ti rin gbindin, ṣùgbọ́n ó fi ọ̀rá di kọ̀ǹpútà rẹ̀ dáadáa sábẹ́ aṣọ. Kò tíì jókòó tó fi ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo nǹkan yìí. Ogójì dọ́là ni mo san láná, wọ́n ti ti àkáǹtì mi pa."

Mo ní kó ṣí i kí n wò ó. Ọ̀rọ̀ tí àwọn tó ni proxy náà (kọ̀ǹpútà alárinà tó sanwó fún láti máa gbà wọ ìkànnì) kọ sí i kò gùn: wọ́n ní ó ti rú ìlà keje nínú àdéhùn, owó rẹ̀ kò sì ní padà. A wá ìlà keje náà kàn. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé ẹni tó forúkọ sílẹ̀ nìkan ló lè lo àkáǹtì, kò gbọdọ̀ fún ẹlòmíràn ní pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀. Àwọn mẹ́rin tí wọ́n jọ ń gbé họ́sítẹ́ẹ̀lì ní Asherifa ló dá dọ́là mẹ́wàá-mẹ́wàá, tí gbogbo wọn sì ń fi orúkọ kan ṣoṣo wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Wọn ò lu ẹnikẹ́ni ní jìbìtì. Iṣẹ́ ilé-ìwé ni: wọ́n fẹ́ kó iye owó ọjà jọ láti orí àwọn ìkànnì ìtajà. Ọmọ náà kàn rò pé ohun tí òun bá ti sanwó fún, ti òun ni, bó ṣe wu òun lòun lè ṣe é.

Ọ̀rọ̀ yẹn ló jẹ́ kí n jókòó kọ ìtọ́sọ́nà yìí. Láti ọdún mélòó kan tí mo ti ń ra proxy fún iṣẹ́, owó tí mo pàdánù torí pé n kò ka àdéhùn pọ̀ ju èyí tí mo pàdánù torí pé ọjà kò dára lọ. Ẹni tó ra proxy kò rí nǹkan gbé lọ sílé. Àyè ló gbà, bí ẹni tó gba yàrá lọ́wọ́ onílé, fún ìwọ̀n ìgbà kan, lábẹ́ òfin onílé. Àdéhùn gan-an ni ọjà tí ẹ rà.

Ohun tí proxy ń ṣe

Ẹ jẹ́ ká fi ọjà ṣàpèjúwe. Ẹ wà nílé ní Ìlódè, ẹ rán ọmọ sí ọjà Odò-Ògbè. Ojú ọmọ náà ni aláta rí, kò mọ ẹni tó rán an. Bẹ́ẹ̀ ni proxy rí: kọ̀ǹpútà mìíràn tó dúró láàárín, tó ń bá yín lọ sí ìkànnì, tó ń mú èsì bọ̀, tó fi jẹ́ pé àdírẹ́sì IP tirẹ̀ (nọ́ńbà tí íntánẹ́ẹ̀tì fi ń dá ẹ̀rọ mọ̀) ni ìkànnì náà ń rí. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ẹ rán mọ ilé yín. Ó mọ ṣọ́ọ̀bù tó yà sí, ó sì lè ròyìn fún ẹni tó bá bi í. Bí ìkànnì tí ẹ ń lọ bá ń lo HTTPS, ńṣe ló dà bíi pé ẹ fi lẹ́tà sínú àpòòwé, ẹ lẹ̀ ẹ́ pa: ọmọ náà mọ ibi tó gbé e lọ, kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Bí kò bá sí HTTPS, yóò kà á tán kó tó dé ọjà.

Ọ̀pọ̀ wa ló kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ VPN nígbà tí ìjọba ti Twitter pa ní Nàìjíríà, láti oṣù Kẹfà 2021 títí di oṣù Kíní 2022, àwọn èèyàn sì ń pe proxy ní VPN títí di òní. Wọ́n yàtọ̀. VPN máa ń di ohun gbogbo tó ń jáde lára kọ̀ǹpútà yín sínú ẹrù kan, yóò sì fi kọ́kọ́rọ́ tì í kó tó gbé e. Proxy lásán kì í tì í, ìbáà jẹ́ ti HTTP tàbí ti SOCKS5, ìyẹn oríṣi méjì tó wọ́pọ̀.

Èyí tó wọ́pọ̀ lọ́jà pín sí mẹ́ta. Èyí tí IP rẹ̀ wà nínú ilé ńlá tí wọ́n kó sáfà (kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́ fún àwọn ìkànnì) sí, tí wọ́n ń pè ní datacenter, ló rọjú jù. Iye IP ni wọ́n fi ń tà á, oṣooṣù. Èyí tí wọ́n ń pè ní residential, IP ilé àwọn èèyàn gidi ni. Gígábáìtì ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Ti mobile ń gba orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù, òun ló sì máa ń wọ́n jù.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ kọ iṣẹ́ yín sílẹ̀

Ẹ mú bírò. Kí lẹ fẹ́ ṣe, láti orílẹ̀-èdè wo, ojú ìwé mélòó lójúmọ́, fún ọjọ́ mélòó? Bí ẹ ò bá lè kọ ọ́ ní ìlà mẹ́ta, ẹ má tíì sanwó.

Lára àwọn tó ń wá bá mi, ọ̀pọ̀ ni kò nílò proxy rárá. Ẹni tó ń ra kòkó tó fẹ́ mọ iye tí wọ́n ń tà á lókè òkun lè ka ìyẹn láti ilé rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò dí i lọ́nà. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wá ìwé ìwádìí, kó kọ́kọ́ lọ bá àwọn òṣìṣẹ́ ilé-ìkàwé Hezekiah Oluwasanmi nínú OAU. Ẹni tó fẹ́ dátà látọ̀dọ̀ ìkànnì kan, kó wò ó bóyá wọ́n ní API (ọ̀nà tí ìkànnì fúnra rẹ̀ là sílẹ̀ láti fi gba dátà) tàbí kó kọ ímeèlì sí wọn. Ẹ ó rí i pé àwọn kan á fi tayọ̀tayọ̀ fún yín. Ẹni tí proxy wúlò fún ni ẹni tó fẹ́ mọ bí ìkànnì tàbí ìpolówó rẹ̀ ṣe ń hàn ní ìlú mìíràn, tàbí tó ń kó iye owó tí gbogbo ayé lè rí jọ ní ọ̀pọ̀ yanturu, tàbí tó ń dán áàpù wò.

Ìgbésẹ̀ kejì: ta ló ni IP náà?

Níbí, ẹ bá mi dúró díẹ̀, torí ibẹ̀ ni ẹ̀rí-ọkàn wà.

Bí wọ́n bá ní IP ilé àwọn èèyàn làwọn ń tà fún yín, ó yẹ kí ẹ bi wọ́n pé: ṣé àwọn onílé mọ̀? Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ní Nàìjíríà ló mọ orúkọ 911 S5, ìkànnì kan tó ń ta irú proxy bẹ́ẹ̀, nígbà kan. Ní oṣù Keje 2022, àwọn tó ni ín ti ilẹ̀kùn lójijì, wọ́n ní àwọn kan ti wọlé ba ètò àwọn jẹ́. Ní oṣù Karùn-ún 2024, ẹ̀ka ètò ìdájọ́ Amẹ́ríkà kéde pé wọ́n ti mú ọmọ Ṣáínà kan tí wọ́n ní òun ló ń darí rẹ̀, pé IP tó lé ní mílíọ̀nù 19 ló wà nínú ètò náà, ní orílẹ̀-èdè tó sún mọ́ 200. Àwọn tó ni kọ̀ǹpútà wọ̀nyẹn ò mọ nǹkan kan. VPN ọ̀fẹ́ bíi MaskVPN àti DewVPN ni wọ́n fi sórí kọ̀ǹpútà wọn, ìyẹn ló sì sọ ilé wọn di ọ̀nà tí àwọn ọ̀daràn ń gbà. VIP72 náà, tó ti pẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, pòórá ní 2021.

Nítorí náà, ẹ wá nǹkan mẹ́rin nínú àdéhùn: orúkọ ilé-iṣẹ́ gẹ́gẹ́ bó ṣe wà nínú ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀, àdírẹ́sì rẹ̀, orílẹ̀-èdè tí òfin rẹ̀ yóò dá ẹjọ́ bí ìjà bá dé, àti gbólóhùn tó sọ bí wọ́n ṣe gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn onílé. Bí ọ̀kan bá sọnù, ẹ bi wọ́n. Bí wọ́n bá ń fi ọ̀rọ̀ yí yín po, ẹ kúrò níbẹ̀. Mo mọ̀ pé ó máa ń bí àwọn èèyàn nínú bí ilé-iṣẹ́ bá ní kí wọ́n mú ìwé ìdánimọ̀ wá, kí wọ́n sì sọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi proxy ṣe. Èmi ò bínú sí i. Ẹni tó ń bi mí ní ohun tí mo fẹ́ ṣe ló ṣeé ṣe kó ti bi àwọn yòókù tí a jọ ń lo IP kan náà.

Apá kejì ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn tí kò tilẹ̀ fẹ́ ra proxy. Àwọn áàpù kan wà tó máa ń ní òun yóò fún yín ní owó táṣẹ́rẹ́ bí ẹ bá jẹ́ kí òun máa lo dátà tó kù sílẹ̀ lórí fóònù yín. Ilẹ̀kùn yín ni wọ́n ń tà. Bí àlejò tí ẹ kò mọ̀ bá gba ilé yín ní Mọdákẹ́kẹ́ lọ ṣe iṣẹ́ ibi, àdírẹ́sì yín ni yóò kọ́kọ́ yọ. N kò fi irú rẹ̀ sórí ẹ̀rọ mi, mi ò sì gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti ṣe é.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ béèrè èèwọ̀ ilé náà

Ẹni tó fẹ́ fẹ́ ọmọ ilé kan á béèrè èèwọ̀ ilé náà kó tó gbé ìdána lọ. Èèwọ̀ ilé onípróxy wà nínú ìwé tí wọ́n ń pè ní Acceptable Use Policy. Ó máa ń wà nísàlẹ̀ ìkànnì wọn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Terms of Service.

Àwọn èyí tó hàn gbangba ò gba àlàyé: jìbìtì, káàdì olè, dídán pásíwọ́ọ̀dù tí wọ́n jí wò, kíkọlu ìkànnì títí yóò fi wó, fífi ímeèlì tí wọn ò béèrè da èèyàn láàmú. Ìdí rèé tí ọ̀pọ̀ wọn fi ti port 25 tí ímeèlì ń gbà jáde pa. Àwọn tó fara sin ló ń mú èèyàn: ṣíṣí àkáǹtì rẹpẹtẹ lórí ìkànnì ìbánidọ́rẹ̀ẹ́, lílo rọ́bọ́ọ̀tì láti gbá tíkẹ́ẹ̀tì rà, yíyẹ sáfà ẹlòmíràn wò bóyá ó ní ihò láìgba àṣẹ, títún proxy náà tà, fífún ọ̀rẹ́ lò. Àwọn míì ti ìkànnì báńkì àti ti ìjọba pa pátápátá lórí proxy wọn, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìyẹn kì í ṣe ìdí láti gba owó padà. Bí ibi tí ẹ ń lọ bá wà lára ohun tí wọ́n tì, ẹ ti fi owó ṣòfò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Nǹkan mìíràn tún wà tí àwọn èèyàn kì í rántí: ìkànnì tí ẹ ń lọ ní òfin tirẹ̀. Onípróxy lè gbà fún yín kí onílé tí ẹ fẹ́ wọ ilé rẹ̀ má gbà. Àwọn tó ń fi fíìmù hàn kì í fẹ́ proxy. Àwọn ìkànnì tí wọ́n ti ń gba òṣìṣẹ́ máa ń béèrè orílẹ̀-èdè tí ẹ wà, wọ́n sì fẹ́ òtítọ́. Mo mọ bí iṣẹ́ ṣe ṣòro ní ìlú yìí, mo sì mọ àwọn ọmọ tó mọṣẹ́ ju ọ̀pọ̀ ará Amẹ́ríkà lọ tí wọn ò jẹ́ kí wọ́n wọlé torí pé Ilé-Ifẹ̀ ni wọ́n ń gbé. Ó dùn mí. Síbẹ̀, ẹni tó fi proxy pe ara rẹ̀ ní ará Texas láti gba iṣẹ́ ti purọ́ fún ẹni tó fẹ́ sanwó fún un, lọ́jọ́ tí wọ́n bá sì rí i, owó tó ti kó jọ síbẹ̀ yóò há. Mo ti rí i kó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ àdúgbò mi.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ mọ ohun tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ṣe mí. Oníṣòwò kan ní Iléṣà gbé iṣẹ́ fún mi, ó fẹ́ kí n máa wo iye tí wọ́n ń ta irú ọjà rẹ̀ ní ìlú mẹ́ta lókè òkun. Mo ra 5GB ti residential. Mo ṣírò rẹ̀ dáadáa: ojú ìwé kan tó ní àwòrán lè jẹ 2MB tàbí 3MB, torí náà 1GB á gbé mi dé nǹkan bí ojú ìwé 350 sí 500. Yóò tó, yóò sì ṣẹ́kù.

Mo lọ sínú ètò Windows, mo fi proxy náà síbẹ̀, mo sì lọ jẹun. Ìgbà tí mo padà dé, mo ṣí ojú ibi tí wọ́n ti ń kọ iye tí mo ti lò. Ó ti di 3.2GB. Mo tún un ṣí. 3.3. Mo jókòó, mò ń wò ó bó ṣe ń sáré bíi mítà iná, n kò mọ ohun tó ń jẹ ẹ́. Àṣé Windows ti rí ọ̀nà, ó ń fa àtúnṣe rẹ̀ sílẹ̀ gba orí dátà tí mo fi dọ́là rà. N kò tíì ṣí ojú ìwé kan ṣoṣo nínú iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún mi.

Mo kọ̀wé sí wọn. Wọ́n dáhùn pẹ̀lú sùúrù pé ó wà nínú àdéhùn: ohunkóhun tó bá ti gba orí proxy kọjá, ẹ̀yin lẹ lò ó, ìbáà jẹ́ ẹ̀yin lẹ rán an tàbí kọ̀ǹpútà yín. Òótọ́ ni wọ́n sọ.

Láti ọjọ́ náà, inú browser kan ṣoṣo ni mo ń fi proxy sí. Firefox ní ètò proxy tirẹ̀ tí kò kan ìyókù kọ̀ǹpútà. Chrome ń lo ti kọ̀ǹpútà lódindi, àfi bí ẹ bá fi extension (áàpù kékeré tí wọ́n ń so mọ́ browser) bíi FoxyProxy sí i. Ẹ pa fídíò tó ń ṣí fúnra rẹ̀. Bí iṣẹ́ yín ò bá nílò àwòrán, ẹ pa àwòrán náà, ẹ ó rí i bí dátà ṣe máa ń pẹ́ tó.

Nínú àdéhùn, ẹ wo bóyá dátà tó kù lóṣù yìí yóò bọ́ sí oṣù tó ń bọ̀ tàbí yóò jóná. Ẹ wo bóyá ohun tí wọ́n rán jáde àti ohun tí wọ́n gbà wọlé ni wọ́n ń ṣírò pọ̀. Bẹ́ẹ̀ ló máa ń rí. Bí wọ́n bá kọ "unlimited", ẹ wá ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ nípa fair use, torí ibẹ̀ ni òpin tí wọ́n fi pamọ́ sí. Ẹ tún wo iye ìbéèrè tí ẹ lè rán lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tí wọ́n ń tà ní ọjọ́ kan-ọjọ́ kan, mo máa ń sá fún un: wọ́n á mú iná lọ láàárọ̀, agogo onípróxy ò ní dúró dè yín.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: bí ẹ ó ṣe máa wọlé

Ọ̀nà méjì ló wà. Wọ́n lè fún yín ní orúkọ àti pásíwọ́ọ̀dù, tàbí kí ẹ fi IP tiyín sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn kó jẹ́ pé ibi tí ẹ bá ti wá ni wọ́n fi dá yín mọ̀.

Ọ̀nà kejì yẹn ò dára fún wa níbí. Àwọn nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù wa máa ń kó ọ̀pọ̀ oníbàárà sábẹ́ IP kan, wọ́n sì ń pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ fi IP sílẹ̀ láàárọ̀ ní Mayfair, kó tó di ọ̀sán ó ti yí padà, proxy ò sì dá yín mọ̀ mọ́. Èyí tó burú jù ni pé àjèjì tí ẹ jọ wà lábẹ́ IP yẹn lè gba orí àkáǹtì yín kọjá, kí ẹ̀yin wá dáhùn fún ohun tó ṣe. Àfi bí ẹ bá ní IP tí kì í yí padà tí ẹ sanwó fún, ẹ lo pásíwọ́ọ̀dù. Kó jẹ́ èyí tí ẹ kò lò níbòmíràn rárá, torí nígbà tí proxy jẹ́ ti HTTP lásán, pásíwọ́ọ̀dù yẹn ń lọ láìní ìbòrí.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: wákàtí àkọ́kọ́

Àkókò tí wọ́n fi sílẹ̀ láti gba owó padà máa ń kéré. Àwọn kan fi wákàtí 24 sílẹ̀, àwọn míì ọjọ́ mẹ́ta, àwọn míì ní bí ẹ bá ti lo dátà kọjá ìwọ̀n kan, ó parí. Nítorí náà, bí ẹ bá sanwó, ẹ dán an wò lójú ẹsẹ̀. Ẹ má sanwó lálẹ́ Sátidé kí ẹ wá ṣí i láàárọ̀ Mọ́ńdè.

Ẹ ṣí ibi tí wọ́n ti ń tẹ àṣẹ lórí kọ̀ǹpútà, ẹ tẹ ìlà yìí, kí ẹ fi tiyín rọ́pò orúkọ, pásíwọ́ọ̀dù, àdírẹ́sì àti port:

curl -x http://oruko:pasiwoodu@adiresi:port https://api.ipify.org

Bí ó bá dáa, IP kan ṣoṣo ni yóò jáde, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ tiyín. Ẹ wá ibi tí IP náà wà, kí ẹ rí i pé orílẹ̀-èdè tí ẹ sanwó fún ni. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e lọ sí ìkànnì tí iṣẹ́ yín wà gan-an, ní ìgbà mẹ́wàá, kí ẹ kọ ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sílẹ̀.

Bí ìkànnì ò bá ṣí, nọ́ńbà àṣìṣe tó bá jáde ni yóò sọ ẹni tó jẹ̀bi. 407 ń sọ pé proxy ò gba orúkọ tàbí pásíwọ́ọ̀dù yín. Ẹ yẹ ọwọ́ yín wò kí ẹ tó bínú sí ẹnikẹ́ni. 429 ń sọ pé ẹ ti ń béèrè jù. Ẹ dẹ̀ ẹ́. 403 sábà máa ń wá látọ̀dọ̀ ìkànnì tí ẹ lọ, pé wọn ò fẹ́ yín, ọ̀pọ̀ àdéhùn ni kò sì ka ìyẹn sí ẹ̀bi onípróxy. 502 àti 504 tó ń wá léraléra ló máa ń jẹ́ tiwọn. Ẹ ya àwòrán ojú kọ̀ǹpútà tó fi aago hàn. Ẹni tó kọ̀wé pé "ó ń dà mí láàmú" máa ń dúró pẹ́ kó tó rí èsì. Ẹni tó kọ̀wé pé 504 jáde ní ìgbà méje nínú mẹ́wàá láàárín aago mẹ́wàá àti mẹ́wàá ààbọ̀ máa ń rí èsì kíákíá. Èmi fúnra mi ti gba owó padà lẹ́ẹ̀mejì báyẹn.

Ìgbà yìí kan náà ni kí ẹ fi ojú ìwé àdéhùn pamọ́ bíi PDF, pẹ̀lú ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀. Nínú gbogbo àdéhùn tí mo ti kà, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn lè yí i padà nígbàkígbà. Èyí tó wà lọ́jọ́ tí ẹ sanwó ni kí ó wà lọ́wọ́ yín.

Ọ̀rọ̀ owó

Ní ìparí 2022, ọ̀pọ̀ báńkì dá lílo káàdì náírà lókè òkun dúró, ìyẹn ló sọ púpọ̀ nínú wa di ẹni tó ń lo káàdì dọ́là orí fóònù. Ohun tó yẹ kí ẹ ṣọ́ ni pé ilé-iṣẹ́ onípróxy máa ń tọ́jú káàdì náà, wọ́n á sì máa yọ owó fúnra wọn lóṣooṣù. Lọ́jọ́ tí ẹ sanwó gan-an ni kí ẹ ti pa ètò tó ń yọ owó fúnra rẹ̀ yẹn. Ẹ máa fi ìwọ̀nba owó tí ẹ fẹ́ ná sórí káàdì, kó má jẹ́ ju oṣù kan lọ, ìbáà ṣe pé wọ́n ń fún yín ní ẹ̀dínwó ọdún kan. Bí wọ́n bá jẹ yín níyà, ẹ kọ́kọ́ kọ̀wé sí wọn. Bí ẹ bá sáré lọ bá báńkì láti fa owó náà padà, àdéhùn wọn sábà máa ń gbà wọ́n láyè láti ti àkáǹtì yín pa títí láé.

Òfin ilẹ̀ wa

Proxy fúnra rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ohun tí ẹ fi ṣe ni òfin ń wò, òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti 2015, tí wọ́n tún ṣe ní 2024, sì dé ọ̀dọ̀ yín bó tilẹ̀ jẹ́ pé IP yín sọ pé Jámánì lẹ wà. Òfin yẹn ní kí àwọn tó ń pèsè íntánẹ́ẹ̀tì tọ́jú àkọsílẹ̀ ohun tó ń lọ tó ń bọ̀ fún ọdún méjì. Ó tún ní kí ẹni tó bá ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà forúkọ sílẹ̀, kó sì ní ìwé tí àwọn tó wọlé ń kọ orúkọ sí. Ẹ̀yin tí ẹ ní irú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀ ní Lágéré tàbí Sábó, tí ẹ ń jẹ́ kí oníbàárà lo proxy lórí ẹ̀rọ yín, ẹ fi ọwọ́ pàtàkì mú ìwé náà.

Bí iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe bá kan orúkọ, nọ́ńbà fóònù tàbí ímeèlì àwọn èèyàn, òfin ìdáàbòbò dátà ti 2023 kàn yín. Iye owó ọjà kì í ṣe àṣírí ẹnikẹ́ni. Nọ́ńbà fóònù ìyá oníyá kì í ṣe ọjà. Ìyẹn lààlà tí mo fi sí iṣẹ́ tèmi.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kọkànlá 2023, àwọn òṣìṣẹ́ EFCC wọ họ́sítẹ́ẹ̀lì lóru ní Ilé-Ifẹ̀ níbí, wọ́n kó ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ OAU, wọ́n sì tú ọ̀pọ̀ nínú wọn sílẹ̀ lẹ́yìn náà. Láti ìgbà náà ni mo ti ń sọ fún gbogbo ọ̀dọ́ tó bá wá sọ́dọ̀ mi pé kí wọ́n ní fáìlì kan: rísíìtì proxy, PDF àdéhùn, lẹ́tà tàbí ímeèlì ẹni tó gbé iṣẹ́ fún wọn, àti ìwé tí wọ́n kọ ọjọ́ àti ohun tí wọ́n ṣe sí. Ẹ tẹ ẹ̀dà rẹ̀ kan sórí pépà, kí ẹ fi síbi tí òbí tàbí ẹ̀gbọ́n yín lè rí i. Ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ tó mọ́ yẹ kó ní ohun tó lè nawọ́ gbé jáde lójú ẹsẹ̀, kí ẹ̀rù má baà gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

Ìgbà tí ẹ bá ń kúrò

Bí iṣẹ́ bá parí, ẹ padà sínú àkáǹtì, ẹ rí i pé wọn ò ní yọ owó mọ́, ẹ yọ káàdì kúrò, kí ẹ sì kọ̀wé pé kí wọ́n pa àkọsílẹ̀ yín rẹ́ bí àdéhùn bá fàyè gbà á. Ẹ yí pásíwọ́ọ̀dù padà bí ẹ bá ti kọ ọ́ sínú fáìlì iṣẹ́ níbì kan.

Ọmọkùnrin ọjọ́ òjò yẹn kọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀, mo bá a tò ó. Ó sọ òótọ́ pé mẹ́rin làwọn, ó sì ṣàlàyé iṣẹ́ ilé-ìwé tí wọ́n ń ṣe. Lọ́jọ́ kẹta wọ́n dáhùn pé owó ò ní padà ṣùgbọ́n àwọn yóò ṣí àkáǹtì, pé kí ẹnì kan ṣoṣo máa lò ó. Wọ́n parí iṣẹ́ náà. Ó tún wá bá mi lọ́sẹ̀ kejì, ó ní dátà orí kọ̀ǹpútà òun ò ṣiṣẹ́ mọ́, òun ti ra síìmù tuntun. Mo ṣí ètò Firefox rẹ̀: proxy tó ti parí ló ṣì wà níbẹ̀. Mo yí i padà sí No proxy, ìkànnì ṣí.